Ọwọ́ Yín Tí Mo Sín Jẹ

Láti ṣọ́ọ̀bù mi,
Ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn òjò.

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n, Ìyá Abẹ́rẹ́,

Ẹ kú àtijọ́, ẹ sì kú ilé. Mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Orí ìwé ni mo ti ń kí yín nítorí mi ò tíì rí ojú tí mo lè fi wò yín. Ṣé àlàáfíà ni ẹ wà? Ṣé ẹsẹ̀ tó máa ń dùn yín nígbà òtútù ti ń fúyẹ́? Ṣé Nọ́ọ̀sì àti ọkọ rẹ̀ wà dáadáa? Àdúrà mi ni pé kí lẹ́tà yìí bá yín lórí ìjókòó, kí ó má bá yín lórí ibùsùn. Ní tiwa níbí, a wà. Ìyàwó wa ń kí yín gan-an. Ara mi le, ọkàn mi ni kò le, ohun tó sì fa ìyẹn ni mo fẹ́ kọ.

Mo mọ̀ pé ìwé kì í dúró jẹ́ẹ́ lọ́wọ́ yín mọ́, Nọ́ọ̀sì ni yóò máa ka èyí sí yín létí. Nọ́ọ̀sì, ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá wa, mo kí yín o. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má kà á nínú yàrá. Ẹ kà á ní pálọ̀, kí ẹ gbóhùn sókè, kí ọkọ yín náà gbọ́, bí àlejò bá sì wà níbẹ̀, ẹ ní kó jókòó. Ojú ọ̀pọ̀ èèyàn ni mo ti ṣẹ Ẹ̀gbọ́n mi, kò yẹ kí n wá máa bẹ̀ wọ́n ní kọ̀rọ̀.

Kí ọkọ Nọ́ọ̀sì lè mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀, ẹ jẹ́ kí n tún ohun tí ẹ̀yin ti mọ̀ sọ. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà tí ìyá wa tẹ̀lé bàbá wa lọ. Ẹ̀yin náà ò tíì pé ogún ọdún. Abẹ́rẹ́ àti òwú lẹ fi bọ́ mi, òun lẹ fi rán mi lọ sílé ìwé, òun náà lẹ fi ràn mí lọ́wọ́ tí mo fi kọ́ iṣẹ́ wẹ́dà. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ jó irin méjì pọ̀ tí kò já lẹ sọ mí ní Olóòlù, kò sì sẹ́ni tó fi orúkọ mìíràn pè mí mọ́ ní àdúgbò láti ìgbà náà. Ogójì ọdún lẹ fi jókòó sídìí máṣíìnì ìránṣọ yẹn. Lọ́dún mẹ́fà sẹ́yìn ni ọwọ́ ọ̀tún yín bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. A kọ́kọ́ pè é ní àárẹ̀. Nígbà tó di pé ti òsì náà dara pọ̀ mọ́ ọn, dókítà ní kì í ṣe àìsàn tó ń pani, àmọ́ kì í ṣe èyí tó ń lọ bọ̀rọ̀ náà. Ẹ da aṣọ bo máṣíìnì, ẹ kó wá sílé mi. Mo rántí pé èmi ni mo fẹ́ sunkún lọ́jọ́ náà, ẹ̀yin lẹ ń rẹ́rìn-ín. Ẹ ní ọwọ́ tó ti ṣiṣẹ́ fún ogójì ọdún, bó bá ní ijó ló kù tóun fẹ́ jó, kí wọ́n jẹ́ ó jó.

Àárọ̀ ọjọ́ kan ni omi gbígbóná wá dà sí yín lẹ́sẹ̀. Ẹ fẹ́ da omi tíì láti inú kẹ́tùlù sínú kọ́ọ̀pù, kẹ́tùlù fì, omi tó ń hó sì dà lé ẹsẹ̀ yín. Ẹ ò pariwo. Ìyàwó wa ló wọlé bá yín níbi tí ẹ jókòó sí nílẹ̀ ìdáná, tí ẹ ń fi ìdérí ìkòkò fẹ́ atẹ́gùn sí ẹsẹ̀ náà. Ọjọ́ yẹn gan-an ni mo ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù mọ́ àwọn oníbàárà, mo ní màá ṣe ohun tí yóò máa da omi láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni gbé kẹ́tùlù sókè.

Ẹ rántí èyí àkọ́kọ́? Irin tẹ́ẹ́rẹ́ méjì àti ọwọ́ kẹ̀kẹ́ ògbólógbòó ni mo fi ṣe é. Kẹ́tùlù jókòó sínú rẹ̀ dáadáa, àmọ́ bí ẹ ti tẹ̀ ẹ́ síwájú báyìí, gbogbo rẹ̀ dojú bolẹ̀, ó sì fọ́ kọ́ọ̀pù tí ìyàwó wa fẹ́ràn jù. Ìyàwó wa bi mí pé ṣé omi ni mo ń bá jà ni àbí kọ́ọ̀pù òun. Ẹ̀yin lẹ wá mú ọgbọ́n télọ̀ wọ inú ọ̀rọ̀ náà. Ẹ ní kí n tẹ́ aṣọ funfun sórí tábìlì, kí n rọ omi tútù sínú kẹ́tùlù. Ẹ̀yin á wá da omi náà sí kọ́ọ̀pù, ibi tí omi bá ti ta sí lórí aṣọ, ẹ ó fi ṣọ́ọ̀kì télọ̀ yí i po kó tó gbẹ. Àmì mẹ́tàlélógún ni ti àkọ́kọ́. Ẹ wò ó, ẹ ní, "Olóòlù, aṣọ yìí ti di ìyẹ́ awó. Padà sídìí irin rẹ."

Mo padà sídìí irin. Èyí kejì jẹ́ àmì mẹ́rìndínlógún, ẹ̀kẹta jẹ́ mọ́kànlá. Àmì ṣọ́ọ̀kì tí ẹ ń fà ò gún, ó ń wọ́ kiri, síbẹ̀ ẹ ò jẹ́ kí n bá yín fà á. Ẹ̀yin lẹ sọ pé ibi tí wọ́n ń tẹ̀ kò gbọdọ̀ ga ju ìgbọ̀nwọ́ lọ, pé bí ìgbọ̀nwọ́ bá ti fara ti tábìlì, ọwọ́ á ní sùúrù. Ẹ̀yin náà lẹ ní kí n wọ rọ́bà sí i lẹ́sẹ̀ kó má baà máa yọ̀. Nígbà tó di ìkeje, aṣọ náà funfun títí dé etí. Ẹ da tíì fún ara yín, ẹ dà fún mi, ẹ dà fún ìyàwó wa. Ẹ sọ ọ́ ní Máfọwọ́gbé. Mi ò rò pé inú mi ti dùn tó bẹ́ẹ̀ rí.

Ìgbà tí mo wá ní kí n gbé e lọ sọ́jà ni mo rí ìjà. Mo ṣe ọgbọ̀n, mo kùn wọ́n ní búlúù, mo dì wọ́n sẹ́yìn kẹ̀kẹ́, mo sì ń ti ṣọ́ọ̀bù kan bọ́ sí òmíràn. Ọ̀gá kan tó ń ta ìkòkò àti abọ́ yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn, ó ní, "Kí ni kẹ́tùlù fẹ́ fi àga ṣe? Ṣé ó rẹ̀ ẹ́ ni?" Òmíràn gbé fìlà rẹ̀ kọ́ ọ, ó ní ó dáa, àmọ́ ó kéré. Bí mo bá ní fún àwọn tí ọwọ́ wọn ń gbọ̀n ni, wọ́n á ní àwọn ò mọ ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n. Bí mo bá délé, ẹ ó bi mí pé, "Ó tà?" Màá ní ó kù díẹ̀. Ẹ ó ní ohun tí ojú ò rí rí ni, kí n ní sùúrù fún ojú wọn.

Ìgbà náà ni mo gbọ́ nípa ìpàtẹ ọlọ́jọ́ mẹ́ta kan tí wọ́n ń ṣe fún àwọn tó bá ṣe ohun tuntun jáde. Wọ́n fún mi ní tábìlì kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri nínú gbọ̀ngàn ńlá, láàárín ọkùnrin kan tó ṣe ìgbálẹ̀ tó ṣeé ká sí méjì àti obìnrin kan tó ṣe ọṣẹ tí kì í yọ̀ bọ́ lọ́wọ́. Ẹ ní ẹ fẹ́ tẹ̀lé mi. Mo ní kí ẹ jókòó sílé, pé èrò á pọ̀, wọ́n á tì yín. Gbogbo ọjọ́ kìíní, kò sẹ́ni tó dúró. Wọ́n á wo ìgbálẹ̀, wọ́n á fò mí, wọ́n á lọ gbóòórùn ọṣẹ. Mo bá ara mi níbi tí mo ti ń nu kẹ́tùlù tí kò dọ̀tí.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, ọkùnrin kan dúró, ó ní, "Kí lèyí wà fún?" Mo ṣàlàyé, ṣàlàyé, ojú rẹ̀ ti ń lọ sí ibi ọṣẹ. Bí wọ́n ṣe ń fojú fò mí láti àná ti sú mi. Mo bá gbé kẹ́tùlù sọ́wọ́, mo ní, "Ẹ wò ó," mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Ọkùnrin náà bú sẹ́rìn-ín. Ẹnì kejì yà wá wo ohun tó ń pa á lẹ́rìn-ín. Mo tún gbọ̀n sí i. Kò pẹ́ kò jìnnà, èèyàn ti yí tábìlì mi ká, oníìgbálẹ̀ pàápàá ti fi ìgbálẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀ wá wò mí.

Ẹ̀gbọ́n mi, mi ò ní purọ́ fún yín, ó dùn mọ́ mi. Láti àárọ̀ ọjọ́ kìíní tí mo ti ń bá ògiri sọ̀rọ̀, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ẹnikẹ́ni wojú mi. Ni mo bá ki àṣejù bọ̀ ọ́. Mo tẹ ọrùn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí ẹ ṣe máa ń tẹ̀ ẹ́. Mo ká ètè mọ́nú. Mo fi ọwọ́ òsì di ọ̀tún mú, tí méjèèjì wá jọ ń gbọ̀n. Lẹ́yìn náà ni mo sọ ohun tí ẹnu mi ì bá kú kó tó sọ. Ọ̀rọ̀ tí ẹ máa ń bá ọwọ́ yín sọ ní ìdáná ni, nígbà tí ẹ bá rò pé kò sẹ́ni tó ń gbọ́. Mo wo ọwọ́ mi, mo fi ohùn yín sọ pé, "Fara balẹ̀, ọmọ mi. Fara balẹ̀ kí wọ́n tó wọlé."

Gbọ̀ngàn hó. Ọlọ́ṣẹ di ikùn mú. Mo wá gbé kẹ́tùlù sínú Máfọwọ́gbé, mo da omi, kò ta sílẹ̀, wọ́n pàtẹ́wọ́. Èrò kan lọ, òmíràn dé, mo tún un ṣe fún wọn. Kí wọ́n tó ti ilẹ̀kùn lọ́jọ́ náà, mo ti ta mọ́kànlélógún.

Ìgbà tí mo ń jáde ni ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà pè mí padà. Ó gbé abọ́ oúnjẹ kan tí wọ́n fi aṣọ dì lé mi lọ́wọ́. Ó ní, "Màmá kan tí ọwọ́ wọn ń gbọ̀n ní kí n gbé e fún ọ. Wọ́n wọlé, wọ́n dúró díẹ̀ lẹ́yìn èrò, wọ́n sì jáde. Wọ́n ní iṣẹ́ ń lọ lọ́wọ́, kí n má dí ọ lọ́wọ́." Mo mọ aṣọ náà. Mo mọ ìdì náà, kókó mẹ́ta ni, nítorí pé ọ̀kan kì í dì dáadáa lọ́wọ́ yín mọ́. Oúnjẹ náà ti tutù. Orí ìdúró ni mo ti jẹ ẹ́ lẹ́bàá ọ̀nà, nítorí ẹ̀rù ń bà mí láti gbé e padà délé kí ẹ rí i pé mi ò jẹ ẹ́.

Nígbà tí mo wọlé, ibi tí ẹ máa ń jókòó sí náà lẹ jókòó sí. Mo ń retí kí ẹ bú mi. Ẹ ní, "Ó tà?" Mo ní ó tà. Ẹ ní, "A dúpẹ́." Ẹ dìde, ẹ lọ dùbúlẹ̀, ilẹ̀ ò sì tíì ṣú. Mi ò sọ pé mo mọ̀ pé ẹ wá, ẹ̀yin náà ò sọ pé ẹ wá.

Bí mo bá fi ọ̀rọ̀ mọ síbẹ̀, màá lè máa sọ pé ẹnu ló yọ̀ mí, pé ojú ọjà ló gbé mi lọ. Ọ̀rọ̀ ò dùn lẹ́nu ìyá olè, àmọ́ ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tó burú jù. Lọ́jọ́ kẹta, lẹ́yìn tí mo ti mọ̀ pé ẹ rí mi, mo padà lọ, mo sì tún ṣe é. Wọ́n ti sọ fún mi pé ọ̀gá tó ń ra ọjà fún ilé ìtajà ńlá kan ń bọ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ṣe é fún un. Ní ìgbà kẹta, mo tilẹ̀ tún fi nǹkan sí i, mo jẹ́ kí ohùn náà já láàárín kan. Kí n tó bẹ̀rẹ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo máa ń wo ẹ̀yìn èrò bóyá ẹ wà níbẹ̀. Ẹni tó ń wẹ̀yìn kó tó ṣe nǹkan, ẹ ò lè sọ pé kò mọ ohun tó ń ṣe.

Láti ọ̀sẹ̀ yẹn lẹ ti ń fi ọwọ́ yín pamọ́. Bí a bá jọ jókòó, ẹ ó ki méjèèjì bọ abẹ́ aṣọ. Ẹ ní tíì ò wù yín mu mọ́. Bí ìyàwó wa bá gbé oúnjẹ wá, ẹ ó ní kó gbé e síbẹ̀, pé ẹ ó jẹ ẹ́ tó bá yá, ẹ ó sì dúró títí a ó fi jáde kúrò nínú yàrá. Ẹ̀yin tí ẹ fi ọwọ́ kan náà ṣe àwàdà fún ọdún mẹ́fà! Lọ́jọ́ kẹsàn-án lẹ ní ẹ fẹ́ lọ kí Nọ́ọ̀sì fún ọ̀sẹ̀ kan péré. Oṣù méjì rèé. Máfọwọ́gbé yín wà lórí tábìlì ìdáná, ẹ ò mú un dání. Ìyàwó wa ló bi mí lọ́jọ́ tí ẹ lọ pé kí ni mo fi ṣe yín. Mo jẹ́wọ́ fún un. Àárọ̀ àárọ̀ ló ń nu Máfọwọ́gbé náà, kì í sì í wojú mi bó bá ń nù ún.

Ẹ ò tíì lọ tán tí ọ̀gá ilé ìtajà ńlá yẹn fi ránṣẹ́ pè mí. Ó ní òun fẹ́ ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta Máfọwọ́gbé, pé òun á kó wọn sí gbogbo ẹ̀ka àwọn. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ fò. Ó wá ní ohun kan ṣoṣo ló kù. Àwọn máa ya fídíò ìpolówó, èmi ni màá sì wà nínú rẹ̀, kí n ṣe é bí mo ṣe ṣe é ní gbọ̀ngàn gẹ́lẹ́, kí n má sì gbàgbé "fara balẹ̀, ọmọ mi" yẹn. Ó ní ìyẹn gan-an ló ń tà á, kì í ṣe irin. Mo gbà. Mo bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, mo dúpẹ́, mo ń súfèé bọ̀ wálé.

Nígbà tó ku ọjọ́ mẹ́rin kí a ya fídíò náà, bàbá kan wọ ṣọ́ọ̀bù mi. Ọ̀sán gangan ni, oòrùn mú, síbẹ̀ ọwọ́ wọn méjèèjì wà nínú àpò kóòtù. Tíṣà ni wọ́n kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Kí wọ́n tó sọ fún mi ni ohùn wọn ti sọ ọ́. Wọ́n ní àwọn fẹ́ ra ọ̀kan. Mo gbé e síwájú wọn, mo dúró kí wọ́n gbà á, wọn ò yọ ọwọ́. Wọ́n ní, "Mo wà ní gbọ̀ngàn lọ́jọ́ kejì. Ibẹ̀ ni mo ti fẹ́ rà á. Àmọ́ nígbà tí o bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, tí gbogbo wọn ń rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín, kí ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi má baà wo ọwọ́ mi. Mo ki ọwọ́ bàpò, mo rẹ́rìn-ín jù wọ́n lọ." Wọ́n wá yọ ọwọ́ náà, ó ń gbọ̀n bíi tiyín. Wọ́n ní, "Ẹni tí o sín jẹ yẹn, ṣé ó mọ̀?"

Mo ní ó mọ̀. Mo ní kí wọ́n máa gbé e lọ, kí ó jẹ́ ọ̀rẹ́. Wọ́n ní àwọn ò tọrọ, wọ́n sì ka owó rẹ̀ sórí tábìlì. Mo bá wọn gbé e délé, ìdajì wákàtí ni a fi rìn. Títí di ọjọ́ yẹn, mo ti rò pé ẹ̀yin nìkan ni mo ṣẹ̀. Mi ò mọ̀ pé àwọn gan-an tí a ṣe nǹkan náà fún ni mo fi ẹ̀rín lé kúrò nídìí tábìlì mi. Ojú tì mí, Ẹ̀gbọ́n mi. Ojú tì mí débi pé ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé ni mo gbà wọ ilé ara mi.

Ọjọ́ fídíò pé. Wọ́n tan iná ńlá sí mi lójú, wọ́n wọ aṣọ ìdáná sí mi lọ́rùn, wọ́n gbé kẹ́tùlù tuntun lé mi lọ́wọ́. Ẹni tó di kámẹ́rà mú ní, "Ó yá, gbọ̀n!" Ọwọ́ mi dúró gbagidi. Ó tún ní kí n gbọ̀n. Mo ní mi ò lè ṣe é, pé ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ni, ẹni tó tọ́ mi dàgbà ni. Mo rò pé ọ̀rọ̀ ti parí síbẹ̀. Ọ̀gá wá gbá mi léjìká, inú rẹ̀ dùn, ó ní, "Àṣé ẹni gidi ni? Ó dáa bẹ́ẹ̀. Mú wọn wá. Àwọn fúnra wọn á ṣe é dáadáa jù ọ́ lọ."

Ohun tó yẹ kí n sọ lójú ẹsẹ̀ ni pé rárá. Ohun tí mo sọ ni pé màá rò ó. Odindi ọjọ́ méjì ni mo fi rò ó. Mo jókòó, mo kọ lẹ́tà sí yín. Mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé aṣọ tó dáa ni wọ́n máa wọ̀ fún yín, pé kò ní gbà ju ìṣẹ́jú mélòó kan, pé ẹ ò ní láti sọ̀rọ̀ púpọ̀, pé iṣẹ́ ọwọ́ àwa méjèèjì ni yóò sì gòkè. Ìyàwó wa bá a lórí tábìlì, ó kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ó ká a sí mẹ́rin, ó sì fi ti ẹsẹ̀ àpótí aṣọ tó ń mì. Mo wò ó títí, mi ò lè yọ ọ́. Ọjọ́ kejì ni mo lọ sọ fún ọ̀gá pé ẹ̀gbọ́n mi kì í ṣe ìran. Ó ní kò burú. Kò tún ránṣẹ́ pè mí mọ́ láti ìgbà náà.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ọjà wá dé nìyí. Mo ya igun kan sọ́tọ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù, mo ta aṣọ bò ó, mo gbé tábìlì, kẹ́tùlù àti Máfọwọ́gbé kan síbẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ dán an wò á wọ ẹ̀yìn aṣọ, èmi á bọ́ síta, màá sì jìnnà. Bàbá tíṣà ló rán ẹni àkọ́kọ́ wá. Àwọn mẹ́rin ló ti wá báyìí, obìnrin kan nínú wọn pẹ́ níbẹ̀ débi pé mo rò pé ó ti sùn. Nígbà tó jáde, ó ní tíì lòun ń mu. Àwọn oníbàárà mi tó kù ń bi mí pé ṣé mo ti ń ṣe ìyàwó ni tí mo fi ta aṣọ sí ṣọ́ọ̀bù wẹ́dà. Mo ní kí wọ́n máa bi mí.

Mi ò kọ̀wé yìí láti ní kí ẹ padà wá. Mi ò lẹ́nu rẹ̀. Bí ilé Nọ́ọ̀sì bá tù yín lára, ẹ dúró síbẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ bẹ̀ yín ni pé kí ẹ má tìtorí mi fi ọwọ́ yín pamọ́ mọ́. Èmi ni mo ṣe ohun ìtìjú, ọwọ́ yín ò ṣe nǹkan kan. Ojú lọ̀rọ̀ wà, mo ń bọ̀ lọ́jọ́ Sátidé. Bí ẹ ò bá fẹ́ rí mi, kí Nọ́ọ̀sì sọ fún mi lẹ́nu ọ̀nà pé ẹ ń sùn, á yé mi, màá padà. Màá tún wá ní Sátidé kejì. Bí ẹ bá sì jẹ́ kí n wọlé, ẹ bú mi dáadáa, ẹ má wulẹ̀ bi mí bóyá ó tà.

Kí Ọlọ́run fún yín ní ọ̀pọ̀ ọjọ́ tí ara ò ní ni yín. Kí oorun yín máa dùn, kí ẹ̀rín yín padà sẹ́nu yín. Kí ilé tó gbà yín má ṣe gba ìbànújẹ́. Kí àwọn tó ń tọ́jú yín rí ẹni tọ́jú àwọn náà. Kí Ọlọ́run má sì jẹ́ kí ẹ fi ọwọ́ ara yín sin èmi tí ẹ fi ọwọ́ ara yín tọ́.

Èmi ni àbúrò yín, tí ẹ tọ́ tí kò tíì gba ẹ̀kọ́ tán,

Olóòlù.

Àfikún: Mo ti lẹ lẹ́tà yìí pa kí n tó tún já a. Ohun kan wà tí mo fò. Lọ́jọ́ tí mo jẹ́wọ́ fún ìyàwó wa, ó ní kí n ṣe é kí òun rí i. Mo bẹ̀ ẹ́, ó ní àfi kí n ṣe é. Mo ṣe é díẹ̀. Ó ní, "Àwọn gan-an nìyí. Níbo lo ti kọ́ ọ?" Mi ò rí èsì fún un nígbà náà, àmọ́ mo ti rí i báyìí, ẹ̀yin ló sì yẹ kí n sọ ọ́ fún. Kò sí ibi tí mo ti kọ́ ọ. Láràárọ̀, láti ìgbà tí ẹ ti kó wá sílé mi títí a fi ṣe Máfọwọ́gbé, ilẹ̀kùn ìdáná á ṣí sílẹ̀, ẹ ó wà nínú rẹ̀, ẹ ó máa bá kẹ́tùlù jà, tíì tèmi lẹ sì ń pò. Mo mọ ibi tí ọrùn yín ń tẹ̀ sí. Mo mọ ìgbà tí ètè yín ń ká. Mo mọ gbogbo rẹ̀ pátá, Ẹ̀gbọ́n mi, nítorí orí àga ni mo jókòó sí tí mo fi ń wò yín.